Ọjọ́ Tí Ẹja Gbígbẹ Gbà Lọ́wọ́ Wa ní Kuala Lumpur

Òórùn ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Obìnrin kan ló ń tà á lábẹ́ agbòòrùn níwájú hòtẹ́ẹ̀lì wa ní Kuala Lumpur, ó ń dì í sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, mo dúró lójú fèrèsé, mo ń dá itọ́ mì.

Uncle Kàmọ̀rú, àbúrò Mummy, ló kàwé jáde níbẹ̀, ìyẹn ló gbé wa láti Thamesmead ní London dé ọ̀hún. Ayẹyẹ ti parí, ó ku ọjọ́ kan péré. Daddy ti ṣèlérí pé tèmi àti tòun ni ọjọ́ náà. Wọ́dà ni Daddy ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh. Bó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, a kì í rí i. Bó bá sinmi, oorun ló ń sùn. Tipẹ́tipẹ́ ló ti ń fi àwòrán ilé gogoro méjì ìlú náà hàn mí lórí fóònù rẹ̀. A máa gòkè lọ wo ìlú láti ibẹ̀, a ó wá jẹ ẹran sísun tí wọ́n fi igi gún bíi súyà, tí wọ́n ń rì bọ ọbẹ̀ ẹ̀pà. Ní Woolwich nítòsí ilé wa, a kì í jẹun níta láìkọ́kọ́ béèrè bóyá halal ni. Ní ti Kuala Lumpur, torí ìlú Mùsùlùmí ni, Daddy ní kò sí ìbéèrè, ẹnu nìkan ni ká ṣí.

Àṣé ẹrù àwọn ará àdúgbò wa ló máa jẹ ọjọ́ náà. Kí a tó kúrò nílé ni Mummy ti sọ fún ẹnì kan ní mọ́ṣáláṣí pé à ń lọ Malaysia. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Birchmere Park, pé ká bá wọn mú kiní kékeré kan fún ọmọ wọn, fún àbúrò wọn tó wà níbẹ̀. Ẹ̀gúsí, gàrí, ẹja gbígbẹ. Mummy ò lè kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Aṣọ Daddy ló yọ kúrò nínú àpótí kí ẹja lè ráyè. Títí dòní, n kò mọ òfin tó ní kí ẹni tó ń rìnrìn àjò di alárù gbogbo àdúgbò.

Ọjọ́ ìkẹyìn yẹn la fi gbé ẹrù náà kiri. Nílé àkọ́kọ́, ọmọkùnrin tí a gbẹ́rù wá fún ń sùn. Ó jáde pẹ̀lú ipin lójú, ó ní ìyá òun ti ń ṣe jù, kí ni kóun fi gàrí ṣe. Ó wù mí kí n bú u. Ẹnì kejì ò sí nílé. A jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú ooru títí ó fi dé. Láti inú takisí ni mo ti rí ilé gogoro náà. Daddy na ọwọ́ sí i, ọkọ̀ wa sì kọjá lọ.

Ilé Alhaja kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, la parí sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Tavy Bridge, ládùúgbò wa, ló fi ẹja rán wa. Daddy ò fẹ́ jókòó, ó ní a fẹ́ lọ jẹ nǹkan níta kí ọkọ̀ òfurufú wa tó gbéra.

"Alhaji, ẹ wá láti London, ẹ dé ilé mi, ẹ wá fẹ́ lọ jẹun lójú títì? Kí ni sister mi á sọ? Mo ti gbé omi ẹ̀bà kaná."

Daddy wo Mummy. Mummy ní kí a kàn fún un ní five minutes. Daddy jókòó.

"Daddy, ẹ ti promise mi," ni mo wí.

Ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Alhaja tú ẹrù tó wà nílẹ̀, ó sì se ẹja inú rẹ̀ fún wa. Ẹja tó lé aṣọ bàbá mi kúrò nínú àpótí náà ni mo fi jẹ ẹ̀bà, omi ń bọ́ lójú mi. Òjò dé. Nígbà tó fi dá, ó ti tó àkókò ká máa lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tí a padà délé, gbogbo èèyàn ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Mummy. Kò sẹ́ni tó bi Daddy léèrè ohun tó rí níbẹ̀.

Nígbà yẹn, nítorí ẹran ni mo ṣe ń bínú. Ní báyìí mo ti ń gba owó oṣù, mo ti ra irú ẹran náà jẹ ní Woolwich, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju súyà lọ. Nítorí Daddy ni mo ṣe ń bínú báyìí. Kò tún rí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ gbà mọ́, orúnkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ òfurufú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mummy pè mí pé òun gbọ́ pé mò ń lọ Spain, pé ẹnì kan fẹ́ fi ẹrù díẹ̀ rán mi. Mo ní rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ni mo bá gbọ́ ohùn Daddy lẹ́yìn rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀, Mummy Ràfíà. Jẹ́ kó lọ jayé orí ẹ̀."

Òun, lọ́jọ́ tirẹ̀ ní Kuala Lumpur, kò rí ẹni tó bá a sọ bẹ́ẹ̀.