Ohun tó ń rí Mosúnmọ́lá lára

Ọkàn Mosúnmọ́lá kì í balẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ tú báńdéèjì ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ló fa egbò náà, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé wọn kan ní Adó. Bàbá náà, Tíṣà Ayọ̀rìndé, ti kọ̀ láti lọ sí ọsibítù, ó sì ti lé obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé obìnrin náà tutọ́ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Mosúnmọ́lá pé bí òun bá fajú ro pẹ́nrẹ́n, bàbá yóò lé òun náà, egbò yóò sì jẹ dé eegun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń tú báńdéèjì náà, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá rí i.

"Ṣé mo ń rí ọ lára ni?"

Èdè Yorùbá ni bàbá fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, kì í ṣi ọ̀rọ̀ lò. Ohun tó bá ríni lára kọjá ohun tí kò wuni. Ara gan-an ló ń kọ̀ ọ́, ojú kì í fẹ́ rí i mọ́.

"Egbò yìí ń rí mi lára, Bàámi. Ẹ̀yin kọ́. Ká ní ẹ̀yin ni, ǹ bá ti sá."

Mosúnmọ́lá ń retí kó ní kí òun jáde.

"Ó ń rí èmi náà lára," ni bàbá wí níkẹyìn. "N kì í lè wò ó. Pe ọkọ̀ wá, ká lọ sí ọsibítù."

Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ní ọsibítù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kù.