Wọn Ò Pe Lester

Iṣẹ́ Lester Novotny nínú ẹgbẹ́ besibọ́ọ̀lù wọn ní Ṣikágò kò ju pé kó máa gba bọ́ọ̀lù tí Hod Garrity, ajubọ́ọ̀lù tí gbogbo ìlú ń pariwo, fi ń na apá kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di orí bẹ́ǹṣì.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, bọ́ọ̀lù Hod fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o látẹ́lẹwọ́ níbi tí wọ́n ti ń na apá. Àmọ́ nígbà tí Hod wọ pápá, ṣe ló ń jù ú bí ẹni ń ju búrẹ́dì fún ẹyẹlé. Wọ́n fìdí rẹmi. Lester ká a mọ́ ibi tó ti ń pààrọ̀ aṣọ.

“Ẹ ti gbowó onítẹ́tẹ́ kí a lè fìdí rẹmi, àbí?”

“Àwa méje ni. Rọra sọ̀rọ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?”

“Ìwọ kẹ̀? Ta ni yóò sanwó fún bẹ́ǹṣì?”

Ìlara ò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Nígbà tí àṣírí tú, tí àwọn méjèèje dúró níwájú adájọ́, Lester tí kò gba sẹ́ǹtì kan fò dìde.

“Èmi náà wà níbẹ̀, Olúwa mi!”

Adájọ́ wò ó. “Bọ́ọ̀lù wo lo mọ̀ọ́mọ̀ jù sílẹ̀?”

Lester rọra padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Hod, tó ti ń sunkún láti àárọ̀, bú sẹ́rìn-ín.