Apẹ̀rẹ̀ Inú Láptọ́ọ̀pù Alátéèpù

Ní àsìkò tí ènìyàn ṣì ń ránṣọ kí ó tó wọ̀ ọ́, tí kì í ṣe pé a kàn wọ ìsọ̀ kan lọ, kí a sì já a lára ìfaṣọkọ́ bí ẹni ń já èso, ọ̀gá ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Alátéèpù láàárín àwọn aránṣọ. Téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ń gbé e dé ìdí oúnjẹ, ó ń gbé e dé ibi ìsìnkú, àní ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé gbogbo ọdún tí òun fi bá a sùn, téèpù ni ó ń sùn sí àárín àwọn bí ọmọ ọwọ́.

Ìyàwó yìí, tí gbogbo oníbàárà mọ̀ sí Ìyá Bọ́tìnnì nítorí tábìlì bọ́tìnnì àti òwú tí ó ń jókòó tì, ni ẹnu ṣọ́ọ̀bù náà. Iṣẹ́ aránṣọ ti ìgbà náà kò fàyè gba ọ̀rọ̀. Bí Alátéèpù bá ti to píìnì sáàárín ètè ní òwúrọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kí ètè náà tó sinmi. “Ún-ùn” àti “hùn-ún” nìkan ni ó kù tí ó lè sọ. Ìyá Bọ́tìnnì ni yóò wá túmọ̀ rẹ̀ fún oníbàárà.

“Ó ní kí ẹ padà wá lọ́la.”

“Ṣé gbogbo èyí ni ‘hùn-ún’ kan ṣoṣo sọ?”

“Ó kù. Ó tún ní kí ẹ yéé fa ikùn yín sínú. Bí ẹ bá dé òde tí ẹ mí, bọ́tìnnì á já, ẹ̀yin àti ẹ̀ ni ẹ jọ máa wà níbẹ̀.”

Ẹ̀rín a gba ṣọ́ọ̀bù kan. Alátéèpù pàápàá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n imú ni ó ń fi rín in, nítorí píìnì.

Ibi tí obìnrin yìí ti ń to bọ́tìnnì funfun sínú agolo ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú lọ́sàn-án gangan. Ó ṣubú, fóònù ọwọ́ rẹ̀ bá a ṣubú, ó sì fọ́ yángá. Nígbà tí ilé-ìwòsàn dá a sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ti dákẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ń gbọ́ ohun gbogbo. Ó mọ èsì tí ó fẹ́ fọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá la ẹnu, “a... a...” ni ó ń jáde, omi á sì lé ròrò sí i lójú.

Obìnrin kan wà ní ilé-ìwòsàn náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Òun ni ó pe Alátéèpù sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Bàbá, ṣé ẹ ní ohùn tí Màmá ti sọ rí, tí wọ́n gbà sílẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọ, kí wọ́n máa bá a sọ ọ́. Ohùn tiwọn yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọkàn wọn dàrú o. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ ru sókè mọ́.”

Ohùn wà. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, olùkọ́ ni ní ìlú mìíràn, inú fóònù rẹ̀ sì ni ìyá rẹ̀ ti ń da ohùn sí láti ìgbà tí ó ti kúrò nílé. Ìyá Bọ́tìnnì kì í tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù. Ó ní ẹnu òun kò yarọ, kí ni òun ń fi ìka sọ̀rọ̀ sí.

“Fóònù mi ti kún dé ọrùn, Bàbá,” ni ọmọ náà wí nígbà tí ó wálé. “Ẹ jẹ́ ká ra láptọ́ọ̀pù tí ohùn rẹ̀ já gaara, kí n kó gbogbo ohùn Màmá sínú ẹ̀.”

Báyìí ni Alátéèpù ṣe bá ara rẹ̀ nínú ìsọ̀ tí àwọn láptọ́ọ̀pù ti la ẹnu sílẹ̀ lórí gíláàsì, lábẹ́ iná tí ó mọ́lẹ̀ jù. Ọkùnrin tí ń tà á kò sinmi ẹnu.

“Mọtimídíà ni èyí, Bàbá! Ó ń kọrin, ó ń ṣe sinimá, ó ń ya fọ́tò. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, ó ń ṣe é.”

Alátéèpù yọ téèpù lọ́rùn, ó wọn ìbú rẹ̀, ó wọn òró rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra ìdérí náà wò bí ẹni ń yẹ aṣọ wò.

“Ṣé kì í sunkì?”

Ọlọ́jà náà wo ọmọ, ó wo bàbá. “Kì í sunkì, Bàbá, kì í sì í ṣá. Ẹ má sáà ti fọ̀ ọ́.”

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́,” ni ọmọ náà wí, ó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n bàbá náà mọ ohun tí òun wá rà. Ó ní kí ọmọ fi ohùn ìyá rẹ̀ sínú wọn níkọ̀ọ̀kan. Nínú ti àkọ́kọ́, Ìyá Bọ́tìnnì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ki orí bọ garawa. Nínú èkejì, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Ẹ̀kẹta ní ihò wínníwínní lápá ọ̀tún àti lápá òsì, bí kànrìnkàn aláwọ̀ dúdú, láti ibẹ̀ ni ohùn sì ti bú jáde:

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun? Má purọ́ fún mi o, mo ń gbọ́ ebi lóhùn rẹ!”

Alátéèpù yí ẹ̀yìn padà láti wo ẹni tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹnìkan.

“Èyí ni,” ni ó wí, kò sì béèrè ohun mìíràn mọ́.

Ọmọ náà kó ohùn sínú láptọ́ọ̀pù, ó fi àwọn àmì tí ó wà lójú ẹ̀rọ náà han bàbá rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Alátéèpù rán aṣọ fún ẹ̀rọ náà, ó fi ìtẹ́nú sí i, ó fi bọ́tìnnì mẹ́rin dè é, ó ṣe àpò fún ṣájà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kóòtù ọkọ ìyàwó mélòó ni a rí lóde òní tí a rán tó bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ó ti mọ aṣọ rẹ̀ rán tó ni kò mọ inú rẹ̀ lò. Abẹ́rẹ́ ti gún ìka rẹ̀ di kókó láti ọjọ́ pípẹ́, ibi pẹlẹbẹ tí a ń fi ìka fà kò sì mọ irú ìka bẹ́ẹ̀ ní ìka. Bí ó bá fọwọ́ tọ́ ọ jẹ́jẹ́ bíi sílíìkì, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, ohun gbogbo á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

“Màṣíìnì mi,” ni yóò wí fún ìyàwó rẹ̀, òógùn lójú, “bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó lọ, bí mo bá gbé ẹsẹ̀, ó dúró. Èyí, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́, ó ti ń bi mí léèrè bóyá ó dá mi lójú!”

Ìyá Bọ́tìnnì á fi ọwọ́ òsì lu itan. Ẹ̀rín rẹ̀ kò bá àrùn náà lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, wọn yóò jókòó sídìí fèrèsé. Ẹ̀rọ á ní, “Bí o bá ń bọ̀, ra ọṣẹ.” Ìyá Bọ́tìnnì á gbìyànjú títí, títí “ṣẹ” á fi jáde. Nígbà tí ó pe “ọṣẹ” lódindi, ọkọ rẹ̀ sáré jáde lọ ra ọṣẹ.

Ó wá di ìrọ̀lẹ́ kan, Alátéèpù tẹ ohùn kan tí wọn kò tíì gbọ́ rí.

“Alátéèpù mi. Mo mọ̀ pé bí mo pè yín, ẹ ò ní gbé e, píìnì ti kún ẹnu yín. Ọmọ yín ni mo ní kó gbé èyí sí yín létí. Ẹ gbọ́, nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún yín láti ọjọ́ yìí...”

Ìyá Bọ́tìnnì fi igbe bọnu. Ó ń sunkún, ó ń lu tábìlì. Alátéèpù rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì fi ìka gbogbo pa ohùn náà.

“Ó tó. Ó tó, ìyàwó mi. A ó fi í pamọ́. Bí o bá lágbára sí i, a ó jọ gbọ́ ọ parí.”

Níbo ni yóò fi í pamọ́ sí? Ó wo ojú láptọ́ọ̀pù, ó rí apẹ̀rẹ̀ kékeré kan ní igun.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí apẹ̀rẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ ti ìgbà náà. Abẹ́ màṣíìnì ni ó ń gbé, inú rẹ̀ sì ni àjákù aṣọ tí ó dára jù ń lọ: etí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, ìdajì apá sílíìkì, ìrù léèsì. Oníbàárà lè padà dé lẹ́yìn ọdún pípẹ́ pẹ̀lú kóòtù tí ìṣó fà ya, aránṣọ á ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀, á sì fa aṣọ náà gan-an yọ. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀ Alátéèpù. Ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá.

Nítorí náà ó fi ìka oníkókó náà wọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lọ sínú apẹ̀rẹ̀, ó ń gé ètè jẹ, ìyàwó rẹ̀ sì ń fi ojú bá a lọ títí ó fi wọlé.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin alátùnṣe tí ń jókòó ní ìkóríta pẹ̀lú àwo tí ó kún fún ìdè ẹ̀rọ wínníwínní.

“Ẹ má fọwọ́ kan ohùn ìyàwó mi o,” ni ó kìlọ̀.

“Bàbá, mi ò ní débẹ̀. Inú ẹ̀ ló kún fún pàǹtírí, mo máa gbá a fún yín ni.”

Ó gbá a. Ẹ̀rọ náà yára bí tuntun, Alátéèpù sì ṣàdúrà fún un títí.

Nígbà tí olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ti ilé-ìwòsàn wá bẹ̀ wọ́n wò nílé, ó gbọ́ “ọṣẹ”, ó gbọ́ “omi”, ó gbọ́ “jókòó”. Ó ní Màmá ti lágbára, kò sí ohùn tí wọn kò lè gbọ́ mọ́. Kò tíì jáde tán tí Ìyá Bọ́tìnnì fi na ọwọ́ òsì sí ojú láptọ́ọ̀pù. Ó kan apẹ̀rẹ̀ náà. Ó tún un kàn.

Alátéèpù ṣí i. Funfun ni inú rẹ̀, bí aṣọ tí a kò tíì gé. Ó pa á dé, ó tún un ṣí. Ó gbé ẹ̀rọ náà mọ́ àyà, láìfi aṣọ rẹ̀ wọ̀ ọ́, ó sì ń sáré lọ sí ìkóríta.

“Nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí kẹ̀, Bàbá?”

“Ta ló pè é ní ìdọ̀tí? Apẹ̀rẹ̀ ni mo rí!”

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú títí ọ̀sán fi pọ́n, lẹ́yìn náà ó mú ọwọ́ kúrò. “Ibi ìpamọ́ tó wà nínú irú èyí, bí nǹkan bá ti kúrò níbẹ̀, ó ń nu ojú ibẹ̀ fúnra ẹ̀ ni. Ẹ má bínú sí mi, Bàbá.”

Kò bínú. Ta ni ìbá bínú sí? Ó dúró sí etí títì, ó pe ọmọ rẹ̀.

“Ohùn tí ìyá rẹ ní kí o gbé sí mi létí, ṣé o gbọ́ ọ parí?”

“Rárá, Bàbá. Bí mo ṣe gbọ́ ‘Alátéèpù mi’, mo mọ̀ pé tiyín ni, mo pa á. Mo pè yín lórí ẹ̀ nígbà náà. Ẹ ní ẹ ń bẹ lórí kóòtù ọkọ ìyàwó kan, pé ẹ máa gbọ́ ọ tó bá yá.”

“Kò sí lórí fóònù rẹ mọ́?”

“Mo ti pa wọ́n rẹ́ nígbà tí mo kó wọn sínú láptọ́ọ̀pù. Àyè ni mo ń wá. Bàbá? Kí ló dé? Ẹ̀ ń gbọ́ mi?”

Nígbà tí ó wọlé, ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lórí àga, ọwọ́ òsì lórí tábìlì, ó ń retí. Ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì jókòó.

“Mo ti sọ ọ́ nù,” ni ó wí. “Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́ àfi ìwọ.”

Ìyá Bọ́tìnnì wò ó. Ó la ẹnu. “A... a...” Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ojú rẹ̀ pọ́n, “a...” náà ni.

“Rọra. Má ṣe é tipátipá. Èmi ni kí n máa bi ọ́. Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?”

Ó mi orí: rárá.

“Ṣé lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ni?”

Rárá.

“Ṣé ìwọ ló ṣe nǹkan tí o kò jẹ́ kí n mọ̀? Mo ti foríjì ọ́. Ohun yòówù kó jẹ́.”

Ó mi orí, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ìbínú díẹ̀, bí ìgbà tí oníbàárà bá fẹ́ fi bọ́tìnnì dúdú sórí aṣọ funfun.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń bi í. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ á ní kí a ra ọṣẹ, Ìyá Bọ́tìnnì á pe ọṣẹ, á pe omi, á pe jókòó, ketekete. Lẹ́yìn náà wọn yóò fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi ṣú fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tí kò ní píìnì lẹ́nu mọ́ yóò wá fà mọ́ ọn, yóò béèrè ọ̀rọ̀ tí kò tíì béèrè rí, ìyàwó rẹ̀ yóò mi orí, yóò sì máa wo ẹnu rẹ̀ fún òmíràn.