Láptọ́ọ̀pù Abẹ́ Fóòmù

Láptọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ tí mo ní nípọn tó Bíbélì méjì tí a tò léra wọn. Nígbà tí mo ń kọ́ni ní Bọ́lọ́rundúró, èjìká ni mo ń gbé e kọ́ lórí ọ̀kadà, ọrùn á sì ti máa ro mí kí n tó dé ilé wa ní Oǹdó. Màmá mi kì í bẹ̀rù olè nítorí rẹ̀. Wọ́n á ní, "Olè wo ni yóò gbé ọlọ sá?"

Ọdún tí mo fẹ́ parí ẹ̀kọ́ oyè kejì mi ní Àkúrẹ́ ni mo ra tuntun. Ó fẹ́lẹ́ bíi fáìlì, ìka méjì ni mo fi ń gbé e. Kò ní ihò síídì, bátìrì rẹ̀ kò sì ṣeé yọ, àmọ́ ta ni ìyẹn kàn? Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé inú rẹ̀ nìkan ni mo kó iṣẹ́ ọdún méjì sí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ ṣàlàyé iṣẹ́ náà níwájú àwọn olùkọ́ wa, ní aago mẹ́wàá, mi ò rí i lórí tábìlì. Mo sáré lọ bá màmá mi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Fọkàn balẹ̀. Mo ti fi í sábẹ́ fóòmù mi, níbi tí ìwé ilẹ̀ tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ wà. Olè kì í wá ibẹ̀."

Wọ́n ti sùn lé e lórí. Nígbà tí mo ṣí i, ojú rẹ̀ ti sán láti igun dé igun, dúdú sì ti bò ó bíi tàdáwà tó dànù. Onínúfùfù ni mí, mi ò ní purọ́. "Ẹ ti ba ayé mi jẹ́," ni mo sọ fún ìyá tó bí mi. Mo ti ilẹ̀kùn gbàgà, mo jáde.

Nínú mọ́tò Àkúrẹ́, mo gbé e lé itan, mo tẹ ibi tí wọ́n fi ń tàn án. Ti àtijọ́ á máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Èyí kì í dún rárá. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè tàbí ó ti kú.

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí gáréèjì. Ó mi orí.

"Ká ní ti àtijọ́ ni, màá yọ ibi tó ń kó iṣẹ́ pa mọ́, màá so ó mọ́ òmíràn. Ti ìsinsìnyí, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù."

Ó wá wáyà kúkúrú kan, ó fi so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri. A dúró. Lẹ́yìn náà ni àkọlé iṣẹ́ mi jáde.

"Ojú rẹ̀ nìkan ló fọ́," ni ó wí, ó sì yá mi ní wáyà náà kí n fi so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri nílé ẹ̀kọ́.

Mo yege. Bí mo ti jáde, mo pe màmá mi láti tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

"Mo ti kó ìwé ilẹ̀ yẹn kúrò lábẹ́ fóòmù," ni wọ́n wí. "Láti àárọ̀ ni mo ti kó wọn lé itan. Mi ò mọ ibi tí mo lè kó wọn sí mọ́."