Gervase Luscombe, Ẹni Tó Tẹjú Mọ́ Ìdí Ọkọ̀ Ẹlòmíì

Òtítọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí eyín méjì tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi jábọ́ sínú tíì àárọ̀ ọ̀la.

Ọmọ alókùn ni Gervase Luscombe. Inú ọgbà ọkọ̀ ogun ní Devonport, ìlú etíkun kan nílẹ̀ òyìnbó, ni bàbá rẹ̀ ti ń lọ́ okùn, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi le bí èèpo igi, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ lásán ló fi ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Gervase ò tíì hu irùngbọ̀n nígbà tó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, tó ń fọ ilẹ̀ ọkọ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di ọ̀gágun tó ń bá àwọn ọmọ ọlọ́lá jẹun lórí tábìlì kan náà. Nígbà yẹn, kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó dé, ẹni tó ti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ débẹ̀ ò wọ́pọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí òun ní ọkọ̀ tí òun jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, kó má sì bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó wọn gan-an ló sọ ọ́ fún Winifred ìyàwó rẹ̀. Winifred ní òun ti rò pé nǹkan mìíràn ni ọkọ ìyàwó máa ń sọ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbẹ̀yìn, wọ́n fún un ní ọkọ̀ ogun kékeré kan, Ouzel lorúkọ rẹ̀. Ó gbó, ó ń jò, ihò èéfín rẹ̀ ń wúkọ́ bí arúgbó. Gervase ń fọwọ́ pa á lára bí ẹṣin.

Bí irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí bá tò tẹ̀lé ara wọn, ẹni ẹ̀yìn á tẹjú mọ́ ìdí ọkọ̀ iwájú ni, ìtìjú ńlá sì ni kéèyàn yà kúrò lórí ìlà. Gervase yà nígbà kan. Kùrukùru bolẹ̀, ó rò pé àpáta wà níwájú, ló bá darí ọkọ̀ rẹ̀ síta. Kò sí àpáta kankan. Omi ibẹ̀ jìn débi pé ẹja tó ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀ ò mọ̀ pé oòrùn wà. Gbogbo ìgbà òtútù ọdún yẹn, tí Gervase bá ti jókòó láti jẹun, Kọmanda Strode, olórí ẹgbẹ́ ọkọ̀ wọn, á so okùn mọ́ ṣíbí bí èyí tí atukọ̀ fi ń wọn jíjìn omi, á gbé e síwájú rẹ̀.

"Luscombe, kọ́kọ́ wọn bí ọbẹ̀ yẹn ṣe jìn tó, kó o má baà rì."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Gervase náà á rẹ́rìn-ín, á sì ti ọbẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà ooru tó tẹ̀lé e, Strode àti Gervase ń ti èbúté Falmouth bọ̀ wálé, ọkọ̀ Strode níwájú. Gervase ti kó èédú tí ẹ̀rọ ọkọ̀ ń jẹ kún ọkọ̀ rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Strode ò kó rárá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọkọ̀ tirẹ̀ lọ́dà fún ọjọ́ ìdíje ọkọ̀ ni, kò fẹ́ kí eruku èédú bà á jẹ́. Òkun ti ń fà sẹ́yìn, Strode sì ń kánjú, ló bá gba ọ̀nà àbùjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpáta abẹ́ omi. Ouzel tẹ̀lé e.

Yeo, àgbà ọmọ ìlú Devonport, ló ń tọ́ ọkọ̀. Atukọ̀ tó ń ju okùn olójé sómi ń ké bí omi ṣe jìn sí, ohun tó ń ké sì ń dín kù.

"Sà, omi ń tán lábẹ́ wa," Yeo wí.

"Mo gbọ́."

"Tiwọn fúyẹ́, sà. Inú tiwa kún. Ibi tó gbà wọ́n lè má gbà wá."

Gervase mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí Yeo tó la ẹnu. Ó fẹ́ ní kó yà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín inú yàrá oúnjẹ ti kún etí rẹ̀.

"Tẹjú mọ́ ìdí ọkọ̀ wọn, Yeo."

Ọkọ̀ Strode yọ̀ kọjá bí ọṣẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ouzel jókòó sórí àpáta. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n nígbà tí omi fà tán, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà kán sí méjì, wọ́n sì gbọ́ ìró rẹ̀ dé ilé ìjọsìn tó wà lórí òkè, tí àlùfáà fi rò pé ọjọ́ ìdájọ́ ti dé.

Ọ̀gá tí ọkọ̀ rẹ̀ bá jókòó sórí àpáta gbọ́dọ̀ jẹ́jọ́. Wọ́n á gba idà rẹ̀, wọ́n á fi dábùú tábìlì níwájú àwọn adájọ́. Nígbà tí wọ́n bá pè é padà wọlé, bí ṣóńṣó idà bá kọjú sí i, ó jẹ̀bi nìyẹn. Yeo fẹ́ lọ sọ ẹni tó yan ọ̀nà yẹn. Gervase kọ̀ fún un. Ọ̀gágun kì í fa ọ̀gágun ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́jọ́. Nígbà táwọn adájọ́ bi í léèrè ẹni tó ni àṣẹ lórí Ouzel, orúkọ ara rẹ̀ ló dá, kò sì fi gbólóhùn kan lé e.

Bó ti ń dúró níta, Strode wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ó mà ṣe o, Luscombe. Mo ti rò pé wàá yà ni. Ṣebí ìwọ lo máa ń yà?"

Wọ́n pè é wọlé. Ṣóńṣó idà ń wo àyà rẹ̀.

Kérésìmesì ò tíì dé tí wọ́n fi gbé Strode ga. Gervase padà sílé Winifred, ààbọ̀ owó oṣù ló ń gbà. Gbogbo ìgbà ló ń wọkọ̀ ojú irin lọ sí London lọ tọrọ ọkọ̀ mìíràn, wọ́n á fún un ní àga, wọn ò ní fún un ní ọkọ̀. Nígbà tí ogun dé, ó ní àkókò òun ló dé yìí. Èbúté èédú ni wọ́n fi í sí, kó máa bójú tó àwọn tó ń kó èédú sínú ọkọ̀ ẹlòmíì. Ogun parí, ìjọba gé àwọn ọ̀gágun kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni gé ẹ̀ka igi. Bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó lọ sin adìyẹ, ní abúlé Bere Alston lókè odò Tamar. Ó ń tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láàárọ̀, Winifred sì ń sọ fún un pé adìyẹ ò mọ ìlà. Àrùn wọ̀ wọ́n, ìlà náà kúrú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Yeo wá kí wọn. Winifred se ẹyin fún un. Yeo ní iṣẹ́ ti yọ lórí ọkọ̀ tí ṣéènì ń fà kó èrò kọjá odò ní Devonport, níbi tí òun alára wà. Gervase dìde dúró.

"Ọ̀gá ọkọ̀ ni wọ́n ń wá?"

"Rárá, sà. Ẹni tí yóò máa gba tíkẹ́ẹ̀tì ni."

"Ta wá ni ọ̀gá ibẹ̀?"

Yeo wo bàtà rẹ̀. "Wọ́n ti fi mí ṣe é láti oṣù tó kọjá, sà."

Gervase jókòó padà. Ó béèrè bóyá wọ́n á fún òun ní fìlà.

Wọ́n fún un. Títí tó fi kú ló ń lọ tó ń bọ̀ lórí omi yẹn. Bí ọkọ̀ ogun bá ń kọjá, ọkọ̀ oníṣéènì á dúró dè é, Gervase á sì bọ́ fìlà, á tẹjú mọ́ ìdí ọkọ̀ náà títí yóò fi wọ inú òkun.

Ohun kan péré ni mo fi kún un. Winifred ò se ẹyin kankan fún Yeo lọ́jọ́ yẹn. Búrẹ́dì lásán ni wọ́n jẹ. Àwọn adìyẹ yẹn ò yé mọ́.