Kámẹ́rà Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Níwájú Rẹ̀

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni, ní ìrọ̀lẹ́. Àwa mẹ́rin la wà ní pálọ̀ mi ní Surulere: ìyá ìyàwó mi, ọmọ mi obìnrin, ọmọ tuntun tó bí, tó gbé lé ẹsẹ̀, àti èmi. Ìyàwó mi ti kú láti ọdún mẹ́fà.

Kámẹ́rà fídíò kan wà lọ́wọ́ mi. Tòkunbọ̀ ni. Yaba ni mo ti rà á lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹni tó tà á sì fún mi láyè di ọ̀sán ọjọ́ kejì láti dán an wò, pé bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n dá a padà. Ọmọ mi ní fóònù òun lè ṣe iṣẹ́ náà. Mo ní rárá. Fóònù máa ń kún, ìpè sì máa ń wọlé. Ìyá fẹ́ wọkọ̀ ní Jíbówú láàárọ̀ ọjọ́ kejì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn nìkan ló sì kù tó mọ oríkì ilé wọn dé òpin. Ìyàwó mi máa ń fi jí ọmọ wa láràárọ̀. N kò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀wé kà, nítorí náà mo máa ń ka ìwé tó bá bá nǹkan wá tán kí n tó fọwọ́ kàn án. Ti kámẹ́rà yìí kò sí nínú páálí. Ojú ara mi ni mo fi dán an wò.

Àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara. Oòrùn ṣì ń wọlé lójú fèrèsé. Mo rí ilà ojú Ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí eruku tó ń léfòó lókè orí wọn bí ohun tí kò níbi tó ń lọ. Mo fa àwòrán súnmọ́ra títí ó fi ku ìka ọmọ náà nìkan. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àwòrán kò gbọ̀n. Ibi tí òjìji wà nìkan ló ṣe wínníwínní bí iyanrìn. Bátìrì ni kò dára tó. Ó ti dé ìdajì kí n tó mu tíì mi tán.

Ti ohùn ni mo ń bẹ̀rù jù. Ohùn Ìyá ti lọ sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń dún. Mo pa fáànù. Mo gbé kámẹ́rà lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì, mo ní kí Ìyá ṣáà sọ ohunkóhun.

Wọ́n wo ọmọ náà pẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀, wọ́n ki ti ìyá rẹ̀, wọ́n ki ti ìyá ìyá rẹ̀, ohùn wọn ń lọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí omi lábẹ́ koríko. Lójijì wọ́n yíjú sí mi, wọ́n pe oríkì tèmi náà.

Ní ilé wa, ìyá ìyàwó ẹni kì í ki oríkì ẹni kí a wà lóòró. Kí n tó rò ó, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ń dúpẹ́. Èjìká mi gbá ẹsẹ̀ kámẹ́rà, ó sì ṣubú sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọmọ fún Ìyá.

“Dádì, ṣé kámẹ́rà lẹ dọ̀bálẹ̀ fún ni? Òun náà ti dọ̀bálẹ̀ dá yín lóhùn.”

Ìyá ní kó fi mí sílẹ̀, pé wọ́n kọ́ mi nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí mi le nígbà tí mo ń wá fẹ́ ọmọ àwọn.

Kámẹ́rà kò fọ́. A ṣí ojú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a wo ohun tó gbà. Lẹ́yìn tó ṣubú, kò sí ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Kápẹ́ẹ̀tì nìkan ni, àti ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó ń rá lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Ìyá kò tíì dákẹ́ nígbà yẹn. Ohùn náà jáde kedere. Nígbà tí n kò rí ojú wọn, kì í ṣe ohùn arúgbó mọ́. Ohùn tó máa ń jí ọmọ mi nínú ilé yìí ni, nígbà tí yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé rẹ̀ ṣì máa ń wà lára ìlẹ̀kùn. Ó ṣe mí bí ẹni pé ẹnìkan wà ní kíṣíìnì. Bó ṣe kù díẹ̀ kó parí, “ẹ ṣeun, mà” tèmi bò ó mọ́lẹ̀.

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n jẹ́ ká tún gbọ́ ọ. Mo tún un tẹ̀.

Ìyá fi etí ìborùn nu ojú. “Èmi ni mo fún ìyá rẹ lóhùn yẹn,” ni wọ́n wí.

Mo mọ̀ nígbà náà pé n kò ní dá kámẹ́rà náà padà. Ṣùgbọ́n òpin oríkì kò sí níbẹ̀, ojú sì ń tì mí láti ní kí Ìyá tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi ló bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ìgbà tí ọmọ bá jí là ń kì í, pé ti ìrọ̀lẹ́ yìí kàn bọ́ sí àwọn lẹ́nu ni. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó tètè jí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí ṣáájú ọmọ náà. Bátìrì ti kún. Mo ká kọ́tìnnì sókè, mo gbé kámẹ́rà jìnnà sí ibi tí mo lè ṣubú lù. Nígbà tí Ìyá gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́ sílẹ̀ de gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ. Lẹ́yìn náà ni mo dìde, mo tẹ bọ́tìnnì, mo sì pa ẹnu mi mọ́.