Ìṣó Tó Dípẹtà Nínú Omi Màmá Mi

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ olóríkunkun, ẹ wá sílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ sọ fún màmá mi pé omi kànga wọn kò dáa. Èmi sọ ọ́. Ojú mi rí nǹkan.

Àtẹ́lẹwọ́ wọn ló kọ́kọ́ ń le, tó ń yọ kókó wẹ́wẹ́. Wọ́n ní gàrí tí àwọn ti ń yan láti ọjọ́ pípẹ́ ló fà á. Dókítà ò gbà. Ó ní ká lọ yẹ omi ilé wò, àṣé ásẹ́níkì ló wà nínú kànga wa! Májèlé ni, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Dókítà ní bí wọn ò bá yéé mu ún, ó lè di jẹjẹrẹ sí wọn lára. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Màmá mi ní, "Ṣebí màá máa sè é."

"Màmá, sísè ò ràn án. Bí omi bá ṣe ń gbẹ ni májèlé á máa ki sí i."

Omi inú ọ̀rá ńkọ́? Wọ́n ní ó ń rùn. Ni mo bá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe asẹ́ omi nílé. Ike ńlá tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́, yanrìn tí a fọ̀ dáadáa, lókè rẹ̀ abọ́ oníhò tí ìṣó tó ti dípẹtà kún inú rẹ̀. Ìpẹtà yẹn gan-an ni oògùn rẹ̀, òun ló ń di ásẹ́níkì mú. A tún omi náà yẹ̀ wò, ó yege. Mo jó ní kíṣìnnì. Màmá mi ń wo ìṣó náà bí ẹni tó rí aáyán nínú ọbẹ̀.

Ní Sátidé kan, àwọn ìyá ìjọ ń bọ̀ láti Ibefun wá kí wọn. Ẹ sì mọ̀ pé omi la kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà. Kí n tó dé, màmá mi ti kó gbogbo ìṣó jáde, wọ́n ti fi eérú àti kànrìnkàn fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán, wọ́n sá wọn sóòrùn, wọ́n sì fi òróró pa wọ́n lára kí wọ́n má bàa dípẹtà mọ́. Wọ́n wá kó wọn padà sínú asẹ́!

Mo bá àwọn ìyá ìjọ ní pálọ̀, òróró ń léfòó nínú ife wọn. Ọ̀kan ní, "Omi yín yìí mà dáa o, ó ń yọ̀ lọ́fun!"

Mo gba ife lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ìtìjú wo? Bí wọ́n ṣe lọ tán ni mo figbe ta.

"Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Ta ló fẹ́ kú? Kí n gbé omi ìpẹtà fún àlejò, kí wọ́n lọ máa pè mí ní ọ̀bùn?"

"Oògùn lẹ fọ̀ dànù yẹn! Ẹ wá ń bu májèlé fún èèyàn mu!"

Màmá mi jókòó sórí àpótí.

"Ọ̀rọ̀ tí mi ò fẹ́ gbọ́ nìyẹn," ni wọ́n wí. "Látọjọ́ tí bàbá rẹ ti fẹ́ mi títí tó fi kú, èmi ni mò ń bu omi fún un. Bí májèlé bá wà nínú kànga yẹn, ọwọ́ mi ló ti gbà á mu."

Ìbínú mi rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Àánú wọn ṣe mí, ojú sì tì mí.

"Ẹ ò mọ̀, Màmá. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n kó ìṣó náà jáde, wọ́n fi ọṣẹ fọ òróró ara wọn kúrò, wọ́n ní kí la máa ṣe tí wọ́n á fi tètè dípẹtà. Mo ní omi iyọ̀ ni. Wọ́n pò ó, wọ́n ń wọ́n ọn sí ìṣó náà díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé o rò pé inú ń bí bàbá rẹ sí mi?"

"Rárá, Màmá."

Mo jókòó tì wọ́n, èmi náà ki ọwọ́ bọ omi iyọ̀, a jọ ń wọ́n ọn.